Ọtí Ẹnu Tí Mo Dá Padà

Èmi kì í ṣe akọni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ mí, nítorí àwọn kan ní Manigri ti ń ròyìn mi báyìí bí ẹni pé mo fi àyà dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo dìde sọ̀rọ̀ ní Bassila, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé mo di ẹ̀yìn àga ẹni tó jókòó níwájú mi mú, onítọ̀hún sì yíjú padà, ó rò pé mo fẹ́ gba àga náà lọ́wọ́ òun. Mo máa ń bẹ̀rù ajá. Mo máa ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Mo máa ń bẹ̀rù ìyàwó mi nígbà tó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ nítorí ẹnikẹ́ni.

Àgbẹ̀ ni mí. Iṣu ni mo ń gbìn, mo sì ní igi kajú díẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ilé-ìwé tí mo lọ kò ju èyí tí mo fi lè kọ orúkọ mi, tí mo sì fi lè ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìgò ni mo kà jù láyé mi. Èdè Faransé tèmi dà bí alùpùpù tó ti gbó: ó ń gbéra, ṣùgbọ́n ẹ má ní kó gun òkè. Gbogbo ọmọ agbolé wa, tọ́ntọ́n ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn tó lọ ilé-ìwé ṣe máa ń pe arákùnrin bàbá tàbí ti ìyá wọn. Orúkọ yẹn náà ti tó mi. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí wọ́n ń retí nǹkan ńlá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iṣu yóò mọ̀ pé ebè ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ni a máa ń kọ ọ́. Bí òjò bá lọ tán kí o tó kọ ebè, ilẹ̀ á gan mọ́ ọ lọ́wọ́, ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lu irin, ọdún yẹn sì ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí ó ti pẹ́. Èmi nìkan ò lè kọ ebè oko mi mọ́. Ẹgbẹ́ àáró wa ló ń bá mi kọ ọ́. Oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Èmi náà máa ń lọ sí oko tiwọn. Mo máa ń ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ̀yìn mi bá gbà, mo sì máa ń fi ẹnu ṣe èyí tó kù.

Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ló ń pèsè oúnjẹ àti ọtí. Láìsí ọtí, kò sí àáró lọ́dọ̀ tiwa. Sódábì ni ọtí náà, ọtí líle tí wọ́n fi ẹmu sè, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ògógóró. Mo mọ̀ pé mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú wa, mọ́ṣáláṣí ò sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń mu ọtí ní Manigri. Ibi tí àwọn ìgò òfìfo ti ń wá nìkan ni kò tíì yé wa.

Ọ̀rọ̀ owó-orí yìí, orí rédíò ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Faransé, wọ́n sọ ọ́ ní Anii, wọ́n wá sọ ọ́ ní Nàgó tí àwa ń sọ, kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun ò gbọ́. Kọ́múnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa tó wà ní Bassila, fẹ́ fi kún owó-orí tó wà lórí ọtí, àti sódábì, àti bíà inú ìgò, àti èyí tó ń ti òkè òkun wá. Wọ́n ní àwọn á fi owó náà tún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ṣe, àti ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. Wọ́n dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí Manigri.

Ilé ìgbẹ̀bí yẹn, ìjì ló ká páànù orí rẹ̀ lọ. A rí lára páànù náà lórí igi kajú ẹnì kan, ó ká kò bí ewé gbígbẹ. Láti ìgbà yẹn, aboyún tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti sún mọ́, Bassila ni wọ́n ń gbé e lọ, lórí alùpùpù, ẹni tó ń wà á níwájú, obìnrin kan lẹ́yìn, òun alára láàárín bí àpò iṣu. Ọ̀nà ọ̀dà ni ọ̀nà náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí aboyún tí ìrọbí ti mú sọ fún yín bóyá ọ̀dà ń dín nǹkan kù.

Ẹgbẹ́ wa gbaná jẹ. A pàdé ní àgbàlá olórí ẹgbẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Olórí wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ojú ọkọ́. Bó bá ti ń wò mí láìsọ nǹkan, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tọrọ àforíjì, kódà bí mi ò bá tíì ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ẹnì kan lọ bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí kọ́múnù pè, kí owó-orí yìí má ṣe kọjá. Ẹnì kan ní ìka ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹnì kan ní àna òun ń bọ̀. Wọ́n wá ní èmi ni mo mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó gbọ́n ti rí àwáwí kí èmi tó ronú kan ọ̀kan.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ rán kì í lọ lásán. A ó bu ọtí sínú igbá kan báyìí tí a ti ń lò láti ayé àwọn bàbá wa, yóò mu ún tán lójú gbogbo wa, a ó sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ọtí ẹnu ni à ń pè é. Bó o bá ti mu ún, ẹnu rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́ títí wàá fi jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mu ún tó wá lọ sọ nǹkan mìíràn, ẹgbẹ́ kì í nà án, wọn kì í bú u. Wọn ò kàn ní lọ sí oko rẹ̀ mọ́ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un: kó ra ọtí, kó bù ú sínú igbá yẹn gan-an, kó gbé e wá síwájú wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá mu nínú rẹ̀, ó ti dá ọtí ẹnu padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ ló parí.

Ọtí tí wọ́n bù fún mi lọ́jọ́ náà dára. Ó dára ju ti ẹgbẹ́ wa lọ. Ó mọ́ lóló, ó sì bá ọ̀nà ọ̀fun mi lọ jẹ́jẹ́ bí àlejò tó mọ ilé. Mi ò béèrè ibi tó ti wá. Ta ló máa ń béèrè irú ìyẹn? Olórí ẹgbẹ́ wá kọ́ mi lọ́rọ̀. Ó ní kí n sọ pé àgbẹ̀ Manigri ń sunkún. Pé ọtí ni epo tí ọkọ́ wa ń mu. Pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ife tálákà, àwo oúnjẹ ọmọ tálákà ló fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yà mí lẹ́nu pé inú ẹgbẹ́ wa ló ti jáde. Àwa tí à ń fi ìdajì ọjọ́ jiyàn lórí ẹni tó gbé ọkọ́ ẹlòmíràn.

Bàbá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, òun ló dàgbà jù. Kò gbé ọkọ́ mọ́ láti ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò sí àáró tí kì í dé, ẹ̀gbẹ́ ọtí ló sì máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, ó wo igbá náà bí mo ṣe ń gbé e mì, ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ló ń jẹ ayé." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, mo wọ ẹ̀wù ọdún mi, mo gun alùpùpù lọ sí Bassila. Mo kọ́kọ́ yà kí ọmọ àbúrò mi obìnrin. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan ọkọ rẹ̀ kan nítòsí ilé ìwòsàn, ó ń dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi iṣu rán mi sí i. Mo bá a níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, ẹsẹ̀ náà ti wú.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Tọ́ntọ́n, ìpàdé ọtí yẹn lẹ bá wá."

Mo ní rárá o, òun ni mo wá kí.

"Ẹ wá wọ ẹ̀wù ọdún wá kí mi?"

Mo gbé iṣu kalẹ̀. Ọmọ yẹn, láti kékeré ló ti máa ń rí mi bí ẹni ń wo inú omi. Ó wá sọ pé ìyá òun ò lè máa pààrà Bassila, pé ibẹ̀ ò burú, àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé olónílé nilé olónílé. Ó fẹ́ bímọ sí ibi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. "Bí wọ́n bá fún yín láyè sọ̀rọ̀, tọ́ntọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n bo ilé ìgbẹ̀bí wa."

Mo ní màá sọ.

Ẹ wo wàhálà. Mo ti mu ọtí ẹnu fún ẹgbẹ́, mo tún ṣèlérí fún aboyún, ẹnu kan ṣoṣo sì ni Ọlọ́run dá mọ́ mi. Bí mo ṣe ń rìn lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé, mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ kí wọ́n sún un síwájú. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ará Pénéssoulou wà níbẹ̀, àwọn ará Alédjo wà níbẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ wa náà ti dé, òun àti ẹnì kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti gbọ́ bí mo ṣe máa jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́múnù ṣàlàyé, ẹ̀rọ ìgbóhùn sókè ń ké, ògbufọ̀ ń sáré tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ará ìlú sọ̀rọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni ọ̀gá àwọn ọlọ́tí ní Bassila. Pàtíróòn ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló ń kó bíà wọ̀lú, òun ló ń ra sódábì láti gúúsù wá, tí ó ń pín in fún àwọn tó ń tà á ní abúlé. Ó wọ aṣọ funfun, òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì rọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Ó gba ẹ̀rọ, ó ní òun ò wá sọ̀rọ̀ nítorí ara òun. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

Ó ní, "Àgbẹ̀ Manigri ń sunkún. Ọtí ni epo tí ọkọ́ wa ń mu."

Ọkọ́ wa!

Mo jókòó, etí mi ń hó. Ó sọ ti ife tálákà. Ó sọ ti àwo oúnjẹ ọmọ tálákà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mi lábẹ́ igi máńgòrò ló ń sọ, láti orí dé ìdí, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, àfi pé òun mọ ibi tó ti yẹ kí èèyàn mí ju èmi lọ. Mo wo olórí ẹgbẹ́ wa. Ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí ọtí dáradára yẹn ti wá. Ọkùnrin yìí ló fi ọtí ránṣẹ́ sí wa, ó fi ọ̀rọ̀ sí i, àwa sì gbé méjèèjì mì. Mo ti ń bẹ̀rù láti òwúrọ̀ pé màá da àwọn ọ̀rẹ́ mi, láìmọ̀ pé ẹnu ẹlẹ́nu ni mo gbé wá láti Manigri.

Wọ́n wá pe Manigri. Èmi ni Manigri.

Mo dìde. Ibẹ̀ ni mo ti di àga ẹni iwájú mi mú. Òùngbẹ gbẹ mi lọ́fun, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ bí ara kan ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo wo ẹnu-ọ̀nà, èèyàn ti dí i. Bí ẹnu-ọ̀nà yẹn bá ṣófo ni, ẹ ò ní máa gbọ́ èyí lónìí. Mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Pàtíróòn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ohùn ọmọlúàbí sọ pé, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ jókòó. Mo ti bá yín sọ ọ̀rọ̀ yín."

Ì bá ti dákẹ́. Bó bá dákẹ́ ni, bóyá ǹ bá ti jókòó lóòótọ́.

Mo ní, "Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi tán, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti wá òmíràn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gbá mi mú bí ìgbà tí ẹnì kan ti ọwọ́ bọ abíyá mi láti ẹ̀yìn. Mo wá sọ ọ́, ní Nàgó, mo jẹ́ kí ògbufọ̀ máa bá a yí. Mo ní, "Èmi ń mu ọtí. Ẹ wo imú mi, ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹ fi owó kún un. Bó bá wọ́n jù, màá dín in kù, ìyàwó mi á sì kí yín kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọtí wa, ẹ má fi mu ọtí. Ilé ìgbẹ̀bí Manigri ò ní òrùlé. Orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, níbi tí ojú wa ti lè tó o. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun lẹ fi rà, èmi tí mo dìde yìí náà ni màá padà wá, màá sì mu àmuyó kí n tó wá."

Mo jókòó. Aṣọ ọdún mi ti tutù lẹ́yìn pátápátá.

Níta, olórí ẹgbẹ́ wa dúró dè mí lẹ́bàá àwọn alùpùpù. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ọtí wa."

Mo ní, "Ọtí yín kọ́. Ìwọ náà mọ ọlọ́tí."

"Àwa la bù ú fún yín." Ó fi ẹsẹ̀ kan gun alùpùpù rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ó máa dá ebè yín kọ."

Ó lọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá gbogbo Bassila sọ̀rọ̀, mo wá ń sáré tẹ̀lé alùpùpù kan nínú eruku, mò ń ní, "Àbúrò, dúró ná." Kò dúró. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Kò pẹ́ tí kọ́múnù fi fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí owó-orí náà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, Pàtíróòn ti fi owó tirẹ̀ kún ọtí ná, ó ní òun ń múra sílẹ̀. Èmi ni gbogbo Manigri bú sí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ kú owó-orí o." Obìnrin tó ń ta sódábì lẹ́bàá ọ̀nà bu tèmi sínú ife tó ti ya létí, ó ní àwọn ife tó dára, àwọn tálákà ń lò wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí kì í mu ọtí nìkan ló ń yìn mí, ìyẹn gan-an sì ni ìyà náà, nítorí pé gbogbo wọn ló fẹ́ kí n máa wá jókòó tì wọ́n láti mu omi.

Ìyàwó mi dákẹ́. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ìbéèrè kan, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ ò lè ṣe olóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ebè tán?" 

Òjò ń palẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni ẹgbẹ́ ń kọjá létí oko mi, ọkọ́ léjìká, wọ́n ń lọ sí oko ẹlòmíràn. Wọ́n ń kí mi. Ì bá sàn kí wọ́n máa bú mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n," gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n á sì kọjá. Mo gbé ọkọ́ fúnra mi. Àwọn ebè tí mo kọ dà bí sàréè ológbò. Ẹ̀yìn mi wá kọ̀, mo dùbúlẹ̀ láàárín wọn, mò ń wo ojú ọ̀run, mò ń rò ó pé ẹni tó bá kọjá á ṣèèṣì gbin iṣu sórí mi.

Ibẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí n kàn padà lọ sí Bassila, kí n sọ fún wọn ní kọ́múnù àti lórí rédíò pé ọtí ló ń pa mí lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ á wá sí oko mi lọ́jọ́ kejì.

Mo rò ó o. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Mo rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ti gbà á gbọ́ kí n tó sọ ọ́. Ebè mi á di kíkọ, ife tó dára á padà sọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìpàdé tí mo ti lọ láyé mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni ojú mi dá. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ẹni tí wọ́n rán lọ sọ fún un pé mi ò lọ. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ gan, kó gan.

Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ náà lọ tán, mo ka iye owó tó kù lọ́wọ́ mi.

Mo wá ra sódábì, ní iye tuntun, pẹ̀lú owó-orí lórí rẹ̀. Èmi tí mo ní kí wọ́n fi kún un, èmi náà ni mo ń san án láti fi gba ara mi sílẹ̀. Obìnrin ọlọ́tí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ ti oko dé, tí wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo gba igbá yẹn lọ́wọ́ ìyàwó olórí ẹgbẹ́, mo bu ọtí sí i, mo gbé e wá síwájú wọn. Mo ti bù ú kún jù, ọtí ń fẹ́ dànù, gbogbo wọn sì ń wo ibi tí ó ń fẹ́ dànù sí.

Olórí ẹgbẹ́ bi mí pé, "Ẹ ó sọ pé ọtí ló ń pa yín?"

"Rárá."

"Ẹ ó sọ pé ẹ ṣìnà?"

"Ní ti ọtí, mo jẹ yín. Òun nìyí. Ní ti ọ̀rọ̀, mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bó o bá tún rán mi lónìí, ohun kan náà ni màá sọ, nítorí náà ẹ má rán mi mọ́."

Ó gba igbá. Ó wò mí lọ títí. Ó wá nà án síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti dà á sílẹ̀. Mo di ojú mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo di ojú mi.

Ohùn bàbá àgbà ni mo gbọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé?"

Mo lajú. Bàbá tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni ti dìde, ó di ọrùn ọwọ́ olórí ẹgbẹ́ mú. "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí ni? Ilẹ̀ lo fẹ́ fún mu?" Ó gba igbá náà, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún, ó nu ẹnu, ó tún mu díẹ̀ sí i.

 Ó kọ́kọ́ yé ẹnì kan lẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yé ẹlòmíràn. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó yé kẹ́yìn, tàbí ó ti yé e tipẹ́, mi ò mọ̀, kò sì sọ fún mi rí. Ó wo inú igbá, ó wo olórí ẹgbẹ́, ó ní, "Mo ti mu ún. Ọtí ti wọ́n ju ohun tí èèyàn ń fi bínú lọ. Ọjọ́ wo là ń lọ sí oko rẹ̀?"

Olórí ẹgbẹ́ dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò yẹn nínú afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ń fà á. Ó ní, "Lọ́la. Ilẹ̀ ti fẹ́ gan."

Wọ́n wá. Mo se oúnjẹ rẹpẹtẹ, mo sì mú ọtí wá, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀, apá mi ò ká a. Wọ́n ráhùn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Wọ́n fi orúkọ mi kọrin, orin náà ò ṣeé sọ síta. Mo rí i pé ebè ọdún yìí tọ́ lórí ìlà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mi ò sọ ohun tí mo rò pé ó fà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹgbẹ́ mi gbà padà ni.

Ọmọ àbúrò mi bí obìnrin, ní Bassila. Àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Manigri ló fẹ́ bí i sí, òrùlé ò sì tíì dé. Bí mo ti ń sọ èyí, wọ́n ti kó igi wá síwájú ilé ìgbẹ̀bí náà, wọ́n tò ó dáadáa, ewúrẹ́ sì ń sùn lórí rẹ̀. Páànù ni kò tíì yọjú.

Nítorí náà, bí ọjọ́ ọjà Bassila bá ti pé, mo máa ń wọ ẹ̀wù ọdún mi, mo máa ń lọ jókòó sí ẹnu-ọ̀nà bùró, ìyẹn ọ́fíìsì kọ́múnù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí níbẹ̀. Bí ẹnì kan tó wọ bàtà dídán bá ti jáde, màá dìde dúró bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ti mọ̀ mí, ó máa ń gbé àga fún mi, ó sì máa ń bi mí gbangba kí àwọn tó wà nínú lè gbọ́ ọ, "Tọ́ntọ́n, kí lẹ tún wá ṣe lónìí?"

Èmi náà á pariwo dá a lóhùn. Mo ní owó-orí àwọn ìgò tí mo ti mu láti ìgbà tí wọ́n ti fi owó kún un ti tó páànù kan, mo sì wá wo èyí tó jẹ́ tèmi.